Ògbufọ̀ Bàbá Rẹ̀

"Àkọ́bí, kí ló wí?"

Bàbá rẹ̀ tẹ orí síwájú gíláàsì tó wà láàárín wọn àti akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ èdè Faransé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò gbọ́ ẹyọ kan. Ìyá Àkọ́bí náà kò gbọ́. Tíńtín, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà, ń fi ìka ya ẹyẹ sára gíláàsì. Nínú ìdílé míṣọ́nárì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú òkèèrè yìí, Àkọ́bí nìkan ló ti kọ́ Faransé nílé ìwé, òun nìkan ló sì mọ ohun tí akọ̀wé sọ: lọ́jọ́ Ajé, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí bàbá àti ìyá wá ṣe ìdánwò ráńpẹ́ tí wọn yóò fi pín wọn sí kíláàsì. Ẹni tí kò bá wá, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíì nìyẹn, ó tún di lẹ́yìn oṣù márùn-ún.

Àkọ́bí wo ẹnu bàbá rẹ̀. Ẹnu tó ṣẹ̀ ẹ́ náà nìyí.

"Ó ní kí ẹ̀yin àti Mọ́mì wá lọ́jọ́rú," ló wí. "Ní aago mẹ́jọ."

"Ọjọ́rú! Ọlọ́run ṣeun." Bàbá rẹ̀ yíjú sí akọ̀wé, ó fi gbogbo Faransé tó ní dúpẹ́. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín padà. Ó rò pé iṣẹ́ òun ti délé.

Ọdún tí Àkọ́bí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá ni ọdún yìí. Láti kíláàsì kìíní ló ti ń múra dè é. Àmọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bó ṣe jókòó láàárín àwọn akọrin, bàbá rẹ̀ dìde lórí àga ìwàásù, ó kéde pé Olúwa ti pe ìdílé òun sí òkèèrè, pé gbogbo wọn ń lọ kọ́ Faransé kí wọ́n lè jíṣẹ́ ìhìn rere dáadáa. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni Àkọ́bí ti gbọ́ ọ, òun pẹ̀lú àwọn tó kàn wá kún ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Àbúrò ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Bàbá ní kò sóhun tó jọ ọ́.

"Màá san án fún un," ni Àkọ́bí ń sọ lábẹ́ orin. "Màá san án, pẹ̀lú èlé."

Kò mọ bí yóò ṣe san án àfìgbà tí wọ́n dé, tó gbọ́ ohùn alága ẹgbẹ́ míṣọ́n nínú fóònù: "Ẹ má jẹ́ kí àyè yẹn bọ́ o, Pásítọ̀. Tó bá bọ́, kí la ó máa bọ́ yín fún níbẹ̀?" Àkọ́bí jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni jókòó ti ọpọ́n ayò. Bí àyè bá bọ́, wọn ò ní bọ́ wọn. Bí wọn ò bá bọ́ wọn, ilé yá. Ìdánwò rẹ̀ sì ṣì wà níwájú. Ó ka ọmọ ayò náà lọ, ó kà á bọ̀. Òun ni ọ̀ta tó mọ ayò ta, bàbá òun ni òpè.

Kí Ọjọ́rú tó pé, ó ti ń tọ́ ẹ̀san náà wò díẹ̀díẹ̀. Nínú ilé ìtajà kan tí wọ́n ti lẹ iye owó mọ́ gbogbo ọjà, bàbá rẹ̀ gbé ìkòkò kékeré kan sókè. "Bá mi sọ fún un pé kó fi ojú àánú wò wá. Sọ pé àlejò ni wá, a ó sọ ọ́ di oníbàárà."

Àkọ́bí bi ọkùnrin tó ń tajà léèrè bóyá ìkòkò náà ní ìdérí. Ọkùnrin náà nawọ́ sí ìdérí.

"Ó ní bí ẹ ò bá lè rà á, kí ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ máa lọ."

Ojú bàbá rẹ̀ rọ. Ó rọra gbé ìkòkò kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Inú Àkọ́bí dùn bí ẹni tó lá oyin.

"Ṣé bó ṣe wí nìyẹn?" ìyá rẹ̀ béèrè. "Ojú ẹ̀ ò jọ ti ẹni tó ń búni."

"Mọ́mì, ojú wọn kì í bá ẹnu wọn rìn níbí."

Lọ́jọ́ Ajé, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, bàbá rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ó ń fi Faransé kí ògiri "ẹ káàárọ̀", Tíńtín ń tẹ̀lé e pè é. Àkọ́bí wo aago títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọjá mẹ́jọ.

Ọjọ́rú pé. Bàbá wọ kóòtù dúdú tó fi ń ṣe ìgbéyàwó fún àwọn ọmọ ìjọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iwájú gíláàsì ni akọ̀wé ti la ojú sílẹ̀. "Ṣebí ọjọ́ Ajé ni mo wí? Mo sọ fún ọmọ yín. A ti fi àwọn ẹlòmíì sí àyè yín."

"Kí ló wí?"

"Ó ní..." Àkọ́bí yí ojú kúrò lára akọ̀wé. "Ó ní àyè ti kún. Ó ní òun ló ṣi ọjọ́ sọ fún wa."

Ó rò pé bàbá rẹ̀ yóò mí kanlẹ̀, kí ó máa lọ palẹ̀ ẹrù mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbá ọwọ́ lé tábìlì. "Ṣi ọjọ́ sọ kẹ̀? Bá mi pe ọ̀gá ẹ̀!"

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ jáde, arúgbó kan tó ń tiro. Ó gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu Àkọ́bí, ó sì yíjú sí akọ̀wé. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ sùn mí lọ́dún yìí. Bó bá jẹ́ òótọ́, òní ni òpin iṣẹ́ rẹ níbí."

Akọ̀wé kò pariwo. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì wo Àkọ́bí lójú. "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, sọ ohun tí mo sọ fún ọ."

"Kí ló wí?" bàbá rẹ̀ béèrè. "Kí ni ọ̀gá náà wí? Àkọ́bí, sọ̀rọ̀!"

Bàbá rẹ̀ ló ju òkò náà sí, ojú ẹni ẹlẹ́ni ló ń lọ bà. Ó fi Faransé sọ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu: "Òótọ́ ni obìnrin yìí ń sọ. Èmi ni mo parọ́." Lẹ́yìn náà ló fi Yorùbá sọ ọ́. Èyí ló ṣòro jù.

Bàbá rẹ̀ wò ó títí. Ó tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó yí gíláàsì ká bọ́ síwájú akọ̀wé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀.

Akọ̀wé fò dìde. "Kí ló ṣe é? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ó ń bẹ̀ yín ni," Àkọ́bí wí. "Nítorí mi."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti ń wá bí ojú bàbá òun yóò ṣe wálẹ̀. Ó ti wálẹ̀ wàyí, ó kan ilẹ̀ gan-an, kò sì lè wò ó.

Akọ̀wé dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n àyè tó lọ ti lọ. Alága sọ lórí fóònù pé kí wọ́n fara dà á níbẹ̀ títí oṣù márùn-ún yóò fi pé. Owó ìtọ́jú kékeré ni wọn yóò máa rí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ pípadà sílé.

"O ò mọ ohun tí o bàjẹ́," ìyá rẹ̀ wí, omi lójú. "Bàbá rẹ ti bá àbúrò mi sọ ọ́. Tí a bá ti lè dá Faransé díẹ̀ sọ, wàá padà lọ ṣe ìdánwò rẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kó sọ fún ẹ, ó ní ó di ìgbà tó bá dájú. Ẹ̀bi tiẹ̀ nìyẹn. Tìẹ ńkọ́?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́," Àkọ́bí kúnlẹ̀, "mo ṣì lè lọ..."

"Ta ni màá fi ránṣẹ́? Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwọ, iṣẹ́ ọmọ ni mo rán ẹ, tẹrú lo fi jẹ́. Ọmọ tí n kò lè gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ nínú ilé, ṣé inú bàálù ni mo máa fi òun nìkan sí?"

Kò nà án. Kò tún bá a sọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ikọ́ ń da ìyá rẹ̀ láàmú, wọ́n sì lọ sí ilé ìtajà oògùn. Àkọ́bí ti ń sún síwájú láti sọ̀rọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé Tíńtín sórí àga. "Bá mi sọ fún wọn pé Mọ́mì ń wúkọ́."

Tíńtín kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ronú díẹ̀, ó di àyà mú, ó sì wúkọ́ bí arúgbó. Obìnrin tó ń ta oògùn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti àná.

Àkọ́bí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó pé, ó mọ́, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ṣìkàṣìkà gbàgbé àjọbí, adánilóró gbàgbé ọ̀la: ó ti kọ òwe yìí sínú àròkọ rí, olùkọ́ sì yìn ín. Òní ló yé e. Wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ohun tí wọ́n fọkàn tán an sí gbẹ̀san, ìfọkàntán náà ni yóò kọ́kọ́ kú, ìdánwò kankan kò sì sí tí yóò fi gbà á padà kíá.

Bàbá rẹ̀ gba oògùn, ó di ọwọ́ Tíńtín mú.

"Máa bọ̀," ó wí fún Àkọ́bí, kò sì wẹ̀yìn.