Orúkọ Kẹtàdínlógún Nínú Ìwé Ìdáríjì

Ní ọjọ́ tí akọ̀wé ka ìwé ìdáríjì Ọba ní ọjà Saemgol, òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀ sórí fìlà dúdú rẹ̀. Olorì ti bí ọmọkùnrin, Ọba sì ní kí wọ́n tú àwọn arúfin sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Joseon. Orúkọ kẹtàdínlógún ni ti Tak Chilbok.

Bokdan, tó ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀, gbọ́ ọ nídìí ọjà rẹ̀. Ó ká aṣọ funfun náà, ó dì í, ó sì kọrí sílé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Bokdan nígbà tí Chilbok fipá bá a lò pọ̀ nínú oko ọ̀gbọ̀. Ó ṣe Soun, ọ̀rẹ́ Bokdan, bẹ́ẹ̀ náà. Soun kò lò tó oṣù mẹ́ta mọ́ tó fi kú. Wọ́n lé ọkùnrin náà lọ sí ibodè àríwá, wọ́n ní ibẹ̀ ni yóò kú sí. Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé.

Ìyá Soun wá bá a nídìí òfì.

"Ọmọ mi, a ń lọ sọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀ lọ́la. Ṣé wàá lè sọ̀rọ̀?"

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́? Mo ti sọ ọ́ fún ajẹ́lẹ̀ mẹ́ta."

"Mo mọ̀. Ó ti rẹ èmi náà. Ṣùgbọ́n Soun ò lè sọ tiẹ̀."

Bokdan mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n parí ìlà yìí."

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin mọ́kànlélógún láti abúlé náà ló kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ níwájú ajẹ́lẹ̀. Ojú ọkùnrin náà ti pọ́n nítorí ìwé kíkà.

"Olúwa mi," ni Bokdan wí, "wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹjọ́ Chilbok pé ìjà ló jà. Kì í ṣe ìjà." Ó sì tún sọ gbogbo rẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ yẹ ìwé wò. "Wọ́n ní ó hùwà dáadáa lọ́hùn-ún."

"Ta ló fẹ́ hùwà burúkú sí?" ni Ìyá Soun bi í. "Ṣebí sójà àti yìnyín nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ìyá, ọ̀rọ̀ Ọba ti jáde, mi ò lè dá a padà. Ṣùgbọ́n màá kọ̀wé sí ààfin pé kí wọ́n máa bi abúlé léèrè kí wọ́n tó tú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀."

"Eléyìí tó ń bọ̀ yìí ńkọ́?"

Ajẹ́lẹ̀ ká ìwé náà, ó sì ní kí ẹni tó kàn wọlé.

Ìgbà ìkórè ni Chilbok dé, pẹ̀lú irun funfun, ó ń tẹríba fún tọmọdé tàgbà. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin fi ń bá a mutí.

"Ó ti darúgbó, Bokdan," ni olórí abúlé wí. "Fi sílẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ọwọ́ mi, Bàbá."

Tí ẹsẹ̀ bá ti dún lójú ọ̀nà, òwú á já mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí òtútù tó mú, ó tú òfì rẹ̀ palẹ̀, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ lódìkejì odò.

Nígbà tí ewé tún rú, èsì ìwé ajẹ́lẹ̀ dé: láti ìgbà náà lọ, wọn yóò máa bi abúlé léèrè. Ìyá Soun wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ fún Bokdan.

"Ó dáa," ni Bokdan wí. "Ó máa ṣe ẹlòmíràn láǹfààní." Ó bu omi gbígbóná sínú ife fún arúgbó náà. "Ta ló wà nílé mi báyìí?"

Ìyá Soun gbé ife náà kalẹ̀.

"Àwọn ará ilé Chilbok ló ń kó koríko wọn síbẹ̀."