Bàálù Pupa Lókè Oko Ikpinlè

"Mú ọ̀kan nínú méjèèjì," ni Tọ́ntọ́n Rogatien, àbúrò ìyá Mosúnmọ́lá, wí fún un. "Èyí tí o bá mú ni n ó kọ́ ẹ bí a ṣe ń darí."

Bàálù kékeré méjì ló wà lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé. Òyìnbó ẹnjiníà kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fi wọ́n ta Rogatien lọ́rẹ ní Àjàṣẹ́, níbi tó ti ń tún rédíò ṣe. Ọ̀kan funfun. Apá kan ṣoṣo ló ní, apá náà gùn, ó sì bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí òrùlé. Èkejì pupa fòò. Apá méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti wáyà so wọ́n pọ̀.

Mosúnmọ́lá kò wo funfun lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀. Bó bá jókòó ti ìwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an lọ́jà, á ti dé títì kí ìyá tó sọ ohun tí yóò rà tán. Pupa ló nawọ́ sí.

"Mo mọ̀ pé ìyẹn ni wàá mú," ni Rogatien wí. "Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Funfun yìí, bí o bá ṣì í darí, tí o sì jáwọ́, fúnra rẹ̀ ni yóò tún ara rẹ̀ tò lójú ọ̀run. Pupa kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí o bá kọjú rẹ̀ sí ni yóò forí lé, ì báà ṣe ilẹ̀. Wọ́n ṣe é kó lè máa tàkìtì ni. Kò yẹ ẹni tó ń kánjú."

"N kò ní kánjú, Tọ́ntọ́n."

Cécile, ìyá Mosúnmọ́lá, tó ń bẹ gbágùúdá lẹ́bàá wọn, rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tí n kò rí kó jókòó jẹun tán rí," ló wí.

Gbogbo ìsinmi ọdún náà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Funfun ni Rogatien fi bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó kọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì bàálù náà kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, kò sì mu bẹntiróòlù. Ọtí líle kan tí kì í ṣe mímu ni wọ́n ń pò mọ́ epo láàrà fún un. Wọ́n á fi bátìrì kan wáyà kékeré tó wà lórí ẹ́ńjìnnì títí yóò fi pọ́n, wọ́n á wá fi igi gbá abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á figbe ta bí agbo oyin tí wọ́n fọwọ́ kàn. Òórùn epo láàrà tó jóná kì í kúrò nínú irun Mosúnmọ́lá mọ́.

Télékọmáǹdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ jẹ́ àpótí tó ní ọ̀pá kékeré méjì lójú àti irin gígùn kan lórí. Ohun tó le jù nínú rẹ̀ ni ìgbà tí bàálù bá ń bọ̀ wá bá ẹni tó ń darí rẹ̀, nítorí ọwọ́ ọ̀tún bàálù ti di ọwọ́ òsì tirẹ̀ nìyẹn. Mosúnmọ́lá ṣì í, ó tún ṣì í, títí ó fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìsinmi ń parí lọ, Rogatien gbé pupa fún un. Ó fi í tàkìtì lójú ọ̀run, ó tún fi í fò ní ìdojúdé, orí rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè.

Félicien, ọmọ aládùúgbò wọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ni í máa ń sáré lọ gbé bàálù wá níbi tó bá balẹ̀ sí. Kò bèèrè rí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà darí rẹ̀. Eré sísá yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Òfin kan wà tí Rogatien kì í gbàgbé. Kó tó gbé bàálù kankan jáde, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá Oyèbánjí, délégé tí ìjọba fi ṣe olórí ìlú, kí délégé lè ránṣẹ́ sí gbogbo oko tó wà nítòsí. Ọdún kejì nìyẹn tí àwọn jagunjagun tí wọ́n fowó háyà, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní mẹsinẹ́ẹ̀, fi bàálù balẹ̀ sí Kútọnu ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, tí wọ́n sì yìnbọn. Láti ọjọ́ náà, ìdènà wà lójú títì. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n la ojú wọn sílẹ̀ de ọ̀tá. Bí bàálù bá kọjá lókè, àwọn àgbà á dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ títí ariwo rẹ̀ yóò fi rá.

"Ohun tó jẹ́ eré lọ́wọ́ wa," ni Rogatien wí, "ogun ni létí ẹni tí kò mọ̀. Mò ń padà sí Àjàṣẹ́ lọ́la. Má gbé pupa sókè títí n ó fi dé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Ọdún ìdánwò BEPC ni, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni Mosúnmọ́lá ń wò láti fèrèsé kíláàsì. Nígbà tó sọ ohun tó fi bàálù ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì wọn tó ń ti abúlé Kpoulou wá, wọ́n fi í ṣẹ̀sín.

"Obìnrin tó ń fi bàálù tàkìtì," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Bóyá lójú àlá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó dá ọjọ́ Sátidé fún wọn ní pápá tó wà lọ́nà Ikpinlè.

"Jẹ́ ká sọ fún délégé ná," ni Félicien wí nígbà tó gbọ́.

"Délégé ti lọ ṣèpàdé ní Pobè. Ọjọ́ wo ni yóò dé? Fìrí báyìí la fẹ́ lò ó, a ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀."

"Bátìrì télékọmáǹdì ńkọ́? Ó pẹ́ tí Tọ́ntọ́n rẹ ti fi agbára sí i."

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ti dán an wò. Bí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́, jókòó sílé."

Félicien kò jókòó sílé.

Ní Sátidé, pupa gbéra nílẹ̀ bí àṣá. Mosúnmọ́lá fi í yí po lẹ́ẹ̀kan, ó fi í tàkìtì, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì jẹ́ kó rá bàbà kọjá lórí àwọn ọmọ Kpoulou. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti gbé e sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì darí pupa lọ síwájú, kọjá etí pápá, sórí oko àgbàdo àwọn ará Ikpinlè.

Igbe ló kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn obìnrin tó ń kórè da apẹ̀rẹ̀ nù, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n sá wọ inú igbó. Ẹnìkan ń ké pé, "Mẹsinẹ́ẹ̀ ti dé." Mosúnmọ́lá fa ọ̀pá télékọmáǹdì sẹ́yìn kí bàálù lè yí padà. Kò yí. Ó tún fà á. Bátìrì ti kú. Pupa dojú dé lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe òun ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì já wọ inú ọgbà ọ̀pẹ.

Bàbá Abọ́dúndé wà lórí ọ̀pẹ kan níbẹ̀, ó ń kọ ẹyìn. Ó rí ohun pupa tó ń ké bọ̀ wá bá a. Ó fi ìkánjú tú ara sílẹ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, igbà tó fi gun igi yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì já bọ́. Itan rẹ̀ kan ṣẹ́.

Àwọn ọmọ Kpoulou túká. Félicien ṣe ohun tó máa ń ṣe: ó sáré lọ síbi tí bàálù balẹ̀ sí. Mosúnmọ́lá ń tẹ̀ lé e, àfi bó ṣe gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ pẹ̀lú àdá. Ó dúró. Ó sún sẹ́yìn wọ inú oko gbágùúdá, ó gbá télékọmáǹdì mọ́ àyà, ó sì gba ọ̀nà ilé. Láti inú ewé ló ti rí i tí wọ́n mú Félicien, bàálù tó fọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń bi í pé ta ló ń darí rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀, kò dáhùn. Wọ́n fà á lé àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní jàńdáámù lọ́wọ́.

Kí Mosúnmọ́lá tó délé, ìròyìn ti délé ṣáájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gba télékọmáǹdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ wé e, ó sì tì í sábẹ́ agbọ̀n àgbàdo.

"Ta ló rí ẹ?" ló bi í.

"Àwọn ọmọ Kpoulou, àti Félicien."

"Àwọn ọmọ Kpoulou kò ní fẹ́ jẹ́wọ́ pé àwọn wà níbẹ̀. Dákẹ́ sílé."

"Màmá, Félicien ńkọ́?"

"Ọkùnrin ni. Bàbá rẹ̀ wà láyé, ó mọ èèyàn. Tìrẹ kò sí mọ́. Bí wọ́n bá lé ẹ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ta ni yóò gbà ẹ́?" Ohùn Cécile wálẹ̀. "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ sùtánà funfun, wọ́n lọ sí ìsìn ní ìjọ Sẹ̀lẹ́ wọn. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀, àdúrà kò wá. Ó ń dìde, ó ń kúnlẹ̀, ó ń fa etí aṣọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe jáde, Félicité, ìyá Félicien, wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Mosún mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa ń rìn. Wọ́n ní òun kọ́ ló ń darí nǹkan yẹn, pé ẹnìkan rán an ni. Kò fẹ́ sọ. Ṣé o mọ ẹni náà?"

"Rárá, Màmá."

"Ó dáa, ọmọ mi. Bá mi gbàdúrà fún un. O ṣeun."

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ yẹn ló ṣe é. Ìbá jẹ́ pé obìnrin náà bú u ni, bóyá ìbá rí i gbé mì. Ó wo ẹ̀yìn Félicité bó ṣe ń lọ. Ó sáré délé nínú sùtánà, ó fa télékọmáǹdì yọ lábẹ́ agbọ̀n. Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọjá. Mo ti wo ojú ìyá rẹ̀, mo sì pa irọ́ fún un."

Cécile mú ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Délégé Oyèbánjí ti dé láti Pobè, òun àti jàńdáámù kan jókòó síwájú ilé rẹ̀. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo darí bàálù náà. Félicien kò fọwọ́ kan nǹkan yìí rí. Ó ní ká wá sọ fún yín, èmi ni mo kọ̀."

"Ìwọ? Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi ni."

Jàńdáámù kò gbà gbọ́. Ó ní kó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì àti epo láàrà, ó ṣàlàyé ọ̀pá méjèèjì àti bátìrì tó kú, títí àwọn méjèèjì fi ń wo ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n tú Félicien sílẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ ti bẹ́.

Ìjọba gba bàálù méjèèjì àti télékọmáǹdì. Wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù Rogatien yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ ní Àjàṣẹ́ kí wọ́n tó gbà pé kì í ṣe amí. Ilé ẹ̀kọ́ dá Mosúnmọ́lá dúró fún ọdún náà, kò sì ṣe BEPC. Oko Bàbá Abọ́dúndé ni wọ́n ní kó ti máa ṣiṣẹ́. Òun àti Ẹfúnwùmí, ìyàwó Bàbá, ni wọ́n ń ṣa ẹyìn, tí wọ́n ń rù ú wálé, tí wọ́n sì ń se é. Bàbá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, igi tí àwọn tó ń to eegun dì mọ́ itan rẹ̀ kò jẹ́ kó yíra. Ó pẹ́ kó tó bá a sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní kò ju adìyẹ lọ," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Ó jù ú lọ díẹ̀, Bàbá."

"Láti orí ọ̀pẹ, n kò mọ̀. Ohun tí èèyàn kò bá mọ bó ṣe jìnnà tó, kò lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ìwọ mọ̀. Ìwọ ló yẹ kó sọ fún wa." Ó mí kanlẹ̀. "Lọ wo iná yẹn kó má kú."

Itan rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n kò gun ọ̀pẹ mọ́ láyé rẹ̀.

Félicien yege. Ọjọ́ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà ní Pobè, Mosúnmọ́lá dúró dè é lójú títì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú Félicien sílẹ̀, ó ń kí Mosúnmọ́lá, ṣùgbọ́n kò dúró bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé mo gboyà tí mo fi jẹ́wọ́," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ìwọ nìkan ni kò sọ nǹkan kan."

Félicien gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "O gboyà lóòótọ́. N kò bínú sí ẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí mo sùn lọ́dọ̀ àwọn jàńdáámù, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún, mo máa ń rò pé ìwọ ni."

Ó gun ẹ̀yìn alùpùpù tó ń dúró dè é, ó sì lọ.

Mosúnmọ́lá yege ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó dàgbà, ó di olùkọ́, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ tán títí di òní. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ṣẹ̀ ní kíláàsì rẹ̀, tó ń fi ojú wá ibi tí yóò sá sí, ohun kan náà ló máa ń sọ fún un: "Bí o bá fẹ́ sọ òtítọ́, sọ ọ́ lónìí. Bó bá di ọ̀la, òtítọ́ náà ni yóò ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni yóò ti bá ọ fara gba ìyà mọ́jú."