Orúkọ Àwọn Òkú Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Olúdáìsí

Láràárọ̀ Sátidé, bí Bàbá Jacob Olúdáìsí bá ti mu ẹ̀kọ tán, ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Ní ọdún 1998 tí à ń wí yìí, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe akọ̀wé rélùwéè ní Enugu kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì padà sí Ìjẹ̀bú mọ́. Yàrá méjì ló háyà ní Abakpa Nike, òun sì ni akọ̀wé ìjọ àwọn Yorùbá tó wà nílùú náà.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti gbó. Iléeṣẹ́ kan tó ra tuntun ló fi ta ìjọ lọ́rẹ. Ó tóbi bí àpótí aṣọ, bó bá sì ń ṣiṣẹ́, ńṣe ló máa ń kùn bí oyin. Àwọn aládùúgbò rò pé lẹ́tà ìjọ nìkan ni Bàbá ń tẹ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́tà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó gbà á lọ́dún mẹ́ta gbáko ni orúkọ àwọn Yorùbá tí wọ́n sin sí itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà nílùú náà.

Láyé òyìnbó, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló wá ṣiṣẹ́ rélùwéè àti iṣẹ́ èédú ní Enugu. Àwọn kan kú síbẹ̀. Nígbà tí ogun dé ní 1967, ẹbí wọn kó lọ sílé, púpọ̀ nínú wọn ò sì padà wá mọ́. Koríko bo ibojì. Bàbá rí i pé bí òun náà bá lọ, kò ní sí ẹni tí yóò lè tọ́ka sí ibì kan pé lágbájá ló sùn síbí. Ló bá mú ìwé àti pẹ́ńsù, ó ń rìn láàárín àwọn ibojì, ó ń da ohun tí wọ́n kọ sára òkúta àti sára àgbélébùú onígi kọ, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ibojì kan sí èkejì. Igba orúkọ ó lé mẹ́rìnlá ló kọ. Kò pẹ́ tó tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà tán ni ikán wọ inú àpótí ìwé rẹ̀, tí ó jẹ àwọn ìwé tó fọwọ́ kọ wọ̀nyẹn di eruku. Bàbá ò ka èyí sí. Ó ní ṣebí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ.

Nígbà tí oṣù Kẹta ń parí lọ, lẹ́tà kan dé láti Ìbàdàn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnkẹ́ Ọmọ́níyì ló kọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ṣe akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, ó sì kú ní 1961, nígbà tí Fúnkẹ́ wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ó ní àwọn ará ìjọ kan sọ fún òun pé ẹnì kan wà ní Enugu tó mọ ibi tí àwọn ènìyàn wa sùn sí, pé lẹ́yìn Àjíǹde òun ń bọ̀ wá wo ojú oórì bàbá òun. Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá Olúdáìsí ti fèsì pé kó máa bọ̀, pé orúkọ bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Bàbá ń tẹ ètò ìsìn lọ́wọ́ nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ lójijì. Nígbà tí iná padà dé, kọ̀ǹpútà ò jí bó ṣe máa ń jí. Ojú rẹ̀ dúdú, ìlà ọ̀rọ̀ funfun kan ṣoṣo ló yọ, tó ń sọ pé òun ò rí ètò tí òun fi ń ṣiṣẹ́. Bàbá pa á, ó tún un tàn, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ó gbé e sínú takisí, ó di ṣọ́ọ̀bù Alfred, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ New Market.

Alfred kì í ṣe oníjìbìtì, ó sì mọṣẹ́. Ó yẹ ẹ̀rọ náà wò, ó ní ètò tó ń darí rẹ̀ ló bàjẹ́. Ó ní òun yóò fọ́máàtì rẹ̀, òun yóò wá gbé ètò náà sí i padà láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì dà bí tuntun. Àwọn oníbàárà mẹ́ta ti ń dúró dè é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi Bàbá ní ìbéèrè, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Papa, anything dey inside wey you want?"

Bàbá rò ó wò. Mọ́tò ló wá sí i lọ́kàn: bí mẹkáníìkì bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹrù tó wà nínú búùtù ò lọ síbì kankan. Ojú sì ń tì í láti béèrè ohun tí fọ́máàtì jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ní kí Alfred sáà jẹ́ kó ṣiṣẹ́, pé òun fẹ́ lò ó kíákíá.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ délé. Ó jí wéré, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú Bàbá dùn. Ó wá ìwé orúkọ rẹ̀, kò rí i. Ó wá lẹ́tà ìjọ, kò rí ìyẹn náà. Ó rò pé bóyá Alfred kó wọn pamọ́ síbòmíràn ni, ó ń wá inú ẹ̀rọ náà káàkiri láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí, ó sì tẹ lẹ́tà tuntun kan láti wò ó bóyá èyí yóò fi ibi tí àwọn yòókù wà hàn án.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Rẹ̀mí Adékọ̀yà yà kí i. Àgùnbánirọ̀ ni, ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló sì kà ní yunifásítì. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó rí i pé ojú rẹ̀ ò dá. Bàbá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

Rẹ̀mí wá bi í léèrè. "Bàbá, kí wọ́n tó fọ́máàtì rẹ̀, ṣé wọ́n kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sí díísìkì?"

"Díísìkì wo? Ṣebí ètò tó bàjẹ́ nìkan ni wọ́n pààrọ̀."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ rántí pátákó ìkọ̀wé tó wà ní kíláàsì. Bí igun kan nínú ohun tí a kọ síbẹ̀ bá dàrú, fọ́máàtì kì í tún igun yẹn nìkan ṣe. Gbogbo pátákó ló ń nù, kí a lè kọ nǹkan mìíràn sí i."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

Ó ṣàlàyé fún un pé nígbà tí ẹ̀rọ náà ò jí, àwọn orúkọ náà lè ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Alfred ì bá ti tú díísìkì ńlá inú rẹ̀ jáde, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kó sì kó wọn kúrò níbẹ̀ kó tó nu ohunkóhun. Lọ́jọ́ kejì, ó mú irinṣẹ́ kan wá tí wọ́n fi ń ṣa ohun tí wọ́n bá nù. Ṣùgbọ́n ètò tuntun ti gba orí ti àtijọ́, lẹ́tà tí Bàbá tẹ̀ sì ti bo díẹ̀ sí i mọ́lẹ̀. Orúkọ mọ́kàndínlógún ló rí ṣà, láìsí ìlà tàbí ibi tí ibojì wọn wà. Ọmọ́níyì ò sí nínú wọn.

Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bàtà, ó mú ìbínú lọ sí New Market. Alfred tẹ́tí sí i títí ó fi parí, ojú rẹ̀ sì rọ̀ nígbà tó gbọ́ ohun tó nù. Ó ní òun béèrè o, ṣùgbọ́n òun ò sọ fún Bàbá pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa lọ.

Bàbá jókòó sórí àpótí kan níbẹ̀. "O béèrè," ló wí níkẹyìn. "Èmi ni mi ò béèrè padà."

Ní Sátidé, Alfred ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú àdá, ó tẹ̀lé Bàbá àti Rẹ̀mí lọ sí itẹ́ òkú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. Àwọn tó ní òkúta rọrùn. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ tó kọjá, iná igbó ti jó àgbélébùú onígi tán, kò sì sí ìwé kankan nílé ayé mọ́ tó mọ ohun tí wọ́n kọ sára wọn. Bí ogóje orúkọ ni wọ́n rí kó jọ. Ti Ọmọ́níyì, igi ni. Bàbá rántí ìlà rẹ̀, ó rántí pé àárín òkúta Àṣàkẹ́ àti òkúta Ọláògún ló wà. Àmọ́ ebè mẹ́ta ló wà láàárín àwọn méjèèjì, èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn, Bàbá ò mọ̀.

Fúnkẹ́ dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde, Bàbá àti Rẹ̀mí sì mú un lọ sí itẹ́ òkú. Bàbá ò purọ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ì bá rọrùn láti tọ́ka sí ọ̀kan. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì jẹ́ kó nù. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ni."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ níbi ebè kìn-ín-ní, ó kí bàbá rẹ̀, ó sọ orúkọ àwọn ọmọ tó bí fún un. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níbi èkejì, ó tún un sọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ níbi ẹ̀kẹta. Nígbà tí Rẹ̀mí fà á dìde, ó ní àwọn méjì tí kì í ṣe bàbá òun, bàbá ẹlòmíràn ni wọ́n, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé láti ìgbà ogun, ẹnikẹ́ni ò tíì kí wọn.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà nílé, ní ìjọ tàbí ní ọ́fíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ wa. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbé ètò tuntun sí ẹ̀rọ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọn yóò nu inú rẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú láti béèrè lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé bó bá ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á kọ sí díísìkì méjì, kí wọ́n ṣí i lójú yín lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ fojú ara yín rí i pé ó pé, kí ẹ tó ní kí wọ́n máa nu ohunkóhun. Ẹ fi díísìkì kan sí ilé ẹlòmíràn, nítorí iná àti ikán. Ohun tí ẹ ò lè tún kọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pẹ̀lú. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ti ṣèèṣì nù ún, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má tẹ ohunkóhun sí i, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ má béèrè láìgbójú sókè. Ẹ sọ fún oníbàárà pé, "Gbogbo ohun tó wà níbí ló máa lọ," kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.

Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, a lè rí i rà lọ́jọ́ tó bá wù wá. Ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ sínú rẹ̀, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.