Ẹni Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Lágogo Mẹ́ta

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó fi sílẹ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró. Obìnrin tó ń gbé ọ̀kánkán wa náà gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ má wulẹ̀ bi í, torí kò ní jẹ́wọ́ fún yín.

Ìgbà kónílé-ó-gbélé ni. Télọ̀ ni mí. Wọ́n ti ti ìsọ̀ mi pa láti oṣù méjì, mo wá gbé máṣíìnì sílé, mò ń fi àjákù aṣọ rán ìbòmú. Ọkọ mi ń wa tírélà. Àwọn tó ń kó oúnjẹ àti oògùn nìkan ni ìjọba gbà láyè láti rìnrìn àjò, òun sì wà lára wọn. Ìbòmú kan ṣoṣo ni mo rán fún un kó tó lọ. Àṣẹ́kù aṣọ kọ́tìnnì yàrá wa ni mo fi rán an, aláwọ̀ búlúù tó ní òdòdó funfun. Mi ò fẹ́ kó lọ, ìbínú ni mo fi rán an, ni okùn apá òsì bá wọ́. Kò sí irú rẹ̀ méjì níbì kankan.

Àjà kẹta la wà. Alága ilé wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bánkì, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí i lẹ́nu géètì nígbà náà, ẹ ó rò pé òun ló ni afẹ́fẹ́ tá à ń mí. Ọrùn rẹ̀ ló so kọ́kọ́rọ́ géètì mọ́. Àwọn ará ilé ṣèpàdé lórí fóònù, wọ́n ní ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé kò gbọdọ̀ wọlé àfi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá. Nínú gbogbo ilé náà, ọkọ tèmi nìkan ló wà lójú ọ̀nà. Ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ ṣòfin.

Lọ́jọ́ tó dé, agogo mẹ́ta ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Oòrùn ń ta. Àdúgbò pa rọ́rọ́, èèyàn ò sí, ajá ò gbó. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ rẹ̀, kúkúrú méjì, gígùn kan. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Alága ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi, ó gbé agolo omi apakòkòrò kọ́ ẹ̀yìn.

"Dúró síbẹ̀!"

Ó fọ́n ọn sí bàtà ọkọ mi, ó fọ́n ọn sí ṣòkòtò rẹ̀, ó fọ́n ọn títí tó fi ta sí i lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ọkọ mi ní, "ilé mi nìyí."

Alága nawọ́ sí tírélà tó wà lódìkejì títì. "Ilé ẹ nìyẹn."

Ọkọ mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ìsàlẹ̀ wọn gbá ara wọn lẹ́ẹ̀mejì. Tó, tó. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn lẹ́nu ilẹ̀kùn wa kó tó wọlé, kó má baà kó ìdọ̀tí wọ orí ilẹ̀ tí mo ti nù. Mi ò rí i kó ṣe é níbòmíràn rí. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó gun ọkọ̀ rẹ̀. Mo rí i tó gùn ún. Ó dá mi lójú pé mo rí i.

Bó ṣe di pé mò ń fi okùn sọ oúnjẹ kalẹ̀ nínú garawa láti ojú fèrèsé nìyẹn. Ọkọ mi á wá gbé garawa náà níta ògiri, á jẹun nínú ọkọ̀, á fọ abọ́, á so ó padà. Ọjọ́ méjì lọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo wà nídìí máṣíìnì. Agogo mẹ́ta ọ̀sán. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn wa.

Tó, tó.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá Télọ̀, èmi ni. Ṣílẹ̀kùn."

Ọkọ mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà lórí kọ́kọ́rọ́ kí n tó rántí géètì. Mo fojú sí ihò kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn. Òun ni. Ìbòmú kọ́tìnnì wà lẹ́nu rẹ̀, okùn apá òsì wọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń sun omi.

"Báwo lẹ ṣe wọlé? Ta ló ṣí géètì fún yín?"

"Ó rẹ̀ mí. Ṣílẹ̀kùn ná."

Mi ò mọ ohun tó gbé mi lọ sójú fèrèsé. Tírélà wà níbi tó wà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọkọ mi jókòó sórí àga awakọ̀, ó ń jẹ oúnjẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbójú sókè, ó juwọ́ sí mi. Ìbòmú kọ́tìnnì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi.

Mo padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ ta ni?"

Ó ní, "Ìwọ? Láti ìgbà wo lo ti ń pè mí ní ìwọ?"

Ó dùn mí. Ọdún mẹ́sàn-án la ti fẹ́ra, mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí ju bó ṣe dùn mí lọ. Mo wá ronú kan ohun kan. A ti lóyún kan rí tó bàjẹ́ lóṣù keje. A ti yan orúkọ fọ́mọ náà. Àwa méjì nìkan la mọ̀ ọ́n. A ò kọ ọ́ síbì kankan, a ò sọ ọ́ fún ìyá mi, a ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

"Kí la fẹ́ sọ ọmọ wa?" mo béèrè.

Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń sùn.

Mo gbé fóònù, mo pe ẹni tó wà nínú tírélà. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe gbé e.

"Ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó jọ yín. Ohùn yín ló ní."

Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Má ṣí i."

"Ẹ sọ orúkọ ọmọ wa fún mi."

"Má bi mí nírú ìyẹn báyìí. Ohun tó wà níbẹ̀ á gbọ́."

"Ó ti sọ ọ́."

"Kí lo tún wá fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi? Má ṣí i, Ọ̀gá Télọ̀."

Mi ò ṣí i.

Kò pẹ́ tí obìnrin ọ̀kánkán kọ ọ̀rọ̀ sójú fóònù, níbi tí gbogbo ilé ti máa kà á: òun ti rí ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà wa, òun rí i kedere, mo ti yọ́ mú un wọlé kó wá fi àìsàn pa wọ́n. Alága gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú igi lọ́wọ́.

"Níbo lo fi í pa mọ́ sí?"

Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Kò sẹ́nì kankan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ipa bàtà méjì wà nílẹ̀ ní rírin, wọ́n dojú kọ ilẹ̀kùn wa, wọ́n ń rùn gbùù fún omi apakòkòrò. Kò sí òmíràn lórí àtẹ̀gùn. Alága wo ilẹ̀, ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀, ó sì wò mí bí ẹni wo ejò.

"Ìwọ lo máa kó bá wa," ó ní. Kò gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́ títí kónílé-ó-gbélé fi parí.

Ojoojúmọ́ ni ẹni ẹnu ọ̀nà náà ń wá. Agogo mẹ́ta. Tó, tó. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ní ebi ń pa òun. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ń wúkọ́. Obìnrin ọ̀kánkán á máa pariwo láti inú ilé tirẹ̀, "Lé e lọ! Tó o bá ṣí i, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kó jáde níbí!" Lọ́jọ́ kẹwàá, ó sunkún. Mi ò gbọ́ ẹkún ọkọ mi rí àfi ọjọ́ tí oyún náà bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sun ún, ó ń fa imú láàárín.

Mo bu omi apakòkòrò, mo dà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Kú síbẹ̀," mo ní.

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹkún náà dá wáí.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, alága ṣí géètì. Ọkọ mi wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì wọlé. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kò rántí láti gbá bàtà ni. Ó gbá mi mọ́ra. Kò rùn fún nǹkan kan, kò rùn fún epo ọkọ̀ pàápàá. Ó jẹun, ó sùn, ó ṣe ẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àgádágodo kan jáde látinú tírélà, ó fi kún ilẹ̀kùn wa.

Lágogo mẹ́ta, a gbọ́ ọ, àwa méjèèjì. Tó, tó.

"Á sú u," ó ní.

Ọdún ti gorí ọdún. Kónílé-ó-gbélé ti di ìtàn. Alága ń kí mi ní gbangba bí ẹni tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, kì í bá mi jà, ó ń bójú tó mi. Mi ò lè ní ohun báyìí ló ṣe mí. Ẹni ẹnu ọ̀nà náà ti dákẹ́ ọ̀rọ̀, bàtà nìkan là ń gbọ́.

Àfi àná. Àná, kò ní kí n ṣílẹ̀kùn. Orúkọ ọmọ wa ló pè. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tún pè é, jẹ́jẹ́ bíi ti ọjọ́ kìíní.

Ọkọ mi gbójú sókè látorí oúnjẹ rẹ̀.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ó béèrè.

Mo ní mi ò mọ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń jẹun lọ.

Agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá báyìí. Ọkọ mi ti sùn ní yàrá. Mo ti gbé abọ́ oúnjẹ kan sẹ́nu ọ̀nà, mo bò ó. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà lọ́wọ́ mi.