Kí Ọkọ Tó Gbé Fóònù

Orí ti ń fọ́ aránṣọ kan láti àná, síbẹ̀ ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ ilé-ìwé tí oníbàárà kan fẹ́ wá gbà. Oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé sálúbàtà ọkọ rẹ̀ ló ń wọ́ kiri. Ó rẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ ẹ́, kò kà á sí nǹkan kan mọ́.

Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ di méjì lójú rẹ̀. Ó nu ojú, ó tún wò ó. Méjì náà ni.

Ó rántí ohun tí agbẹ̀bí sọ fún un ní ilé ìwòsàn: "Tí orí bá ń fọ́ ọ tí kò lọ, tí ojú rẹ ń ṣe bàìbàì, tí ojú àti ọwọ́ rẹ wú, tàbí tí òkè ikùn ń dùn ọ́, má dúró ṣe nǹkan kan nílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè ni. Máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀."

Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ń ká aṣọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ibo nìyẹn?"

"Ilé ìwòsàn ni, Màámi. Ara mi ò yá."

"O ti sọ fún ọkọ rẹ?"

"Mo ti pè é. Kò wọlé." Awakọ̀ ẹrù ni ọkọ rẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló wà.

"Jókòó ná. Ìgbà tóo lọ láìsọ fún un lọ́jọ́sí ńkọ́? Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Mi ò fẹ́ kó bọ́ sí mi lọ́rùn. Orí fífọ́ náà sì ni, gbogbo wa la fi orí fífọ́ bímọ."

Obìnrin náà wo ojú títì. Takisí ń kọjá. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn kò jìnnà. Ẹnu ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù. Ìjà ò sí lára rẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó tún pè. Kò wọlé.

Oòrùn ti kan àtàrí kí gìrì tó mú un. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́ tí àga ṣubú. Ìgbà tó máa débẹ̀, ara aránṣọ náà ti le gbagidi, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló gbé e sínú ọkọ̀.

Nígbà tó lajú, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ikùn ti rọ̀. Agbẹ̀bí jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

"Ọmọ ńkọ́?"

Agbẹ̀bí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ti dákẹ́ sínú kí wọ́n tó gbé ọ dé."

Ó sunkún díẹ̀. Agbára ẹkún gan-an ò sí.

Ọkọ rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, eruku ọ̀nà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Kí ló dé tóò lọ? Ṣé mo ní kóo má lọ ni?"

"O ní mi ò gbọdọ̀ lọ láìjẹ́ pé o gbọ́."

"Ká ní mo gbọ́, ǹ bá ní kóo sáré."

"Mo mọ̀," ni obìnrin náà wí. "Mo mọ̀ pé ohun tóo máa sọ nìyẹn. Mo kàn jókòó, mo ń dúró kóo sọ ọ́."

Ìyá ọkọ, tó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, fi gèlè bojú.

Agbẹ̀bí rọra sọ̀rọ̀. "Bàbá, àìsàn yìí kì í dúró gba àṣẹ. Ká ní wọ́n tètè gbé ìyàwó yín wá, oògùn wà, a sì lè gbé ọmọ jáde láàyè. Ẹni tó ń ṣe ló kọ́kọ́ ń mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tó."

"Láti òní lọ," ni aránṣọ náà wí, kò sì bínú, "tí ara mi bá ti sọ fún mi, mo ti lọ nìyẹn. Màá pè ọ́ tí mo bá débẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ mi orí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin ọkọ tó ń ka èyí, ẹ sọ fún ìyàwó yín lónìí pé kò nílò kó dúró dè yín. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ bá ìyàwó ọmọ yín gbé báàgì. Ìwọ tóo lóyún, tí ara bá ti yàtọ̀, máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó wá bá ọ bínú ní ilé ìwòsàn, níbi tí ìwọ àti ọmọ ti wà láàyè.