Àpótí Áṣáà Bàbá Fàdákà

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ọkùnrin náà fi ṣíbí lé nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sídìí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ fàdákà rẹ̀, ó pa ojú dé, ó fi orí ti ṣíbí fàdákà kékeré kan bí ẹni tí eyín ń dà láàmú. Oòrùn àárọ̀ ń ta sí i lójú. Ewú ti yọ díẹ̀díẹ̀ nínú irùngbọ̀n rẹ̀, bí iyọ̀ tó dà sórí aṣọ dúdú.

Iṣẹ́ òru ni obìnrin náà ti ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà, ojú rẹ̀ sì wúwo bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Ẹni tí oorun ń kùn kì í mọ ọ̀rọ̀ ọ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí náà ó sọ tirẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni.

"Ṣé eyín ló ń dùn yín ni? Ẹ fi ṣíbí yẹn sílẹ̀, kí ẹ lọ rí oníṣègùn eyín."

Ọkùnrin náà la ojú kan, kò la èkejì. "Eyín kọ́ o. Mò ń bi í léèrè irú ẹni tó jẹ́ ni. Fàdákà gidi kì í pẹ́ mọ ara ènìyàn. Ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ báyìí, kíá, ó ti móoru. Ayédèrú ló máa ń ṣe agídí."

"Èyí wá ńkọ́?"

"Èyí? Ó tutù sí mi bí ìyá ìyàwó tí kò fẹ́ mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà kó tó mọ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀rín ṣì wà níbẹ̀.

Ó tú aṣọ fúláǹẹ́lì kan nínú báàgì rẹ̀, ó mú àpótí áṣáà fàdákà kan jáde, pẹlẹbẹ, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Òdòdó ni wọ́n fín sí ìdérí rẹ̀, ìdérí náà sì ń mì bí eyín arúgbó. "Bàbá mi ló ni í. Híńjì rẹ̀ ti já. Wọ́n ní kí n fi lé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́."

Alágbẹ̀dẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fi ìka gbé e nídìí, bí Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ṣe máa ń gba ọmọ tuntun. Nọ́ọ̀sì rí i.

Gbogbo àdúgbò ló mọ bàbá rẹ̀ sí Bàbá Fàdákà. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ra ilẹ̀ ni òun ń ra ṣíbí. Ó ní ṣíbí iyọ̀ tí kò ju ìka lọ, ó ní ẹ̀mú ṣúgà tó ní èékánná bí ẹyẹ, ìkòkò tíì onímú gígùn, òrùka tí wọ́n ń ki aṣọ ìnuwọ́ bọ̀, jígí ọwọ́, òòyà, ìwọ̀ tí àwọn ìyáàfin àtijọ́ fi ń fa bọ́tìnnì bàtà wọn. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n jẹun rí.

Ojú bàbá náà ti di bàìbàì báyìí, àtàǹpàkò ló fi ń ríran. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló di ọwọ́ fún un. Ọjọ́ ìsinmi tí àwọn yòókù fi ń sùn, òun á tú kọ́bọ́ọ̀dù, á po ṣọ́ọ̀kì lílọ̀ mọ́ omi, á máa nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́, nọ́ọ̀sì nílé. Ti ibi iṣẹ́ tilẹ̀ sàn, nítorí aláìsàn a máa yá, á sì dìde lọ sílé rẹ̀. Fàdákà kì í yá. Bí o ti ń nù ú tán ló tún ń bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Àwọn ọkùnrin ti wá tọrọ rẹ̀ rí. Bàbá kì í lé wọn. Yóò gbọ́ tẹnu wọn tán, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò wá béèrè pé, "Ta ni yóò máa nù wọ́n?" Ó parí nìyẹn. Bí ọdún ti ń yí lu ọdún nìyẹn, títí tí àwọn tó ń bọ̀ fi dẹ́kun bíbọ̀.

Nọ́ọ̀sì padà sí ṣọ́ọ̀bù láti béèrè àpótí. Kò tíì parí. Ó tún padà lọ. Kò tíì parí.

"Híńjì kan ṣoṣo, ẹ wá ń ṣe é bí ẹni tó ń kọ́ ilé?"

"Bí mo bá parí ẹ̀ tán, kí lẹ máa wá ṣe níbí?"

"Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀yin ni mo wá ń wò?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹsẹ̀ yín ló ń sọ ọ́. Ẹsẹ̀ tó wú tó yìí kì í gba ọ̀nà jíjìn lásán."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, oorun gbé e lọ lórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Nígbà tó jí, oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé. Alágbẹ̀dẹ jókòó níwájú iṣẹ́ rẹ̀, òòlù wà nílẹ̀, ó kàn ń fi aṣọ nu etí àwo kan.

"Ẹ ò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀?"

"Mò ń ṣiṣẹ́. Àwọn iṣẹ́ tí kì í pariwo ni mo kó jọ ṣe."

Omijé lé sójú obìnrin náà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dá ariwo dúró nítorí rẹ̀. Ọjọ́ náà ni alágbẹ̀dẹ sọ fún un pé òun ti ní ìyàwó rí, àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló mú un lọ, òun ló sì tọ́jú rẹ̀ títí dópin.

"Ó rẹ èmi náà, Nọ́ọ̀sì mi," ó wí. "Mi ò ní parọ́ fún yín pé ara mi le bí ti ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé àárẹ̀ tèmi àti tiyín lè jọ jókòó sórí àga kan náà."

"Àga yín ò fẹ̀."

"A ó sún mọ́ra."

Bí wọ́n ṣe gbà pé alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé àpótí náà lọ fún Bàbá nìyẹn. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó dára jù, ó gé èékánná. Nọ́ọ̀sì tún kọ́là ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣe fún un lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ má sọ̀rọ̀ jù o."

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti dùn jù. "Bàbá, mo ti tún híńjì rẹ̀ ṣe," ló wí bó ti jókòó. "Mo sì rí kòtò kéékèèké méjì létí ìdérí, níbi tí wọ́n ti jẹ́ kó já bọ́. Mo tì wọ́n jáde látinú, mo dán ibẹ̀. Ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é rí."

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Àtàǹpàkò arúgbó náà rìn lọ létí ìdérí, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ó tún lọ. Ojú rẹ̀ yí padà bí ojú ọjọ́ tí òjò fẹ́ rọ̀.

"Ta ló rán ọ?"

Alágbẹ̀dẹ yíjú sí Nọ́ọ̀sì.

"Híńjì ni mo ní kí o ṣe. Ta ló rán ọ sí ìyókù?" Ó tún fọwọ́ pa ìdérí náà. "Kò já bọ́. Ìyá ọmọ yìí ló gé e jẹ. Lọ́jọ́ tó ń rọbí ọmọ yìí, ìrora wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀rù bà mí kó má gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Òun ni nǹkan tó wà lápò mi, mo fi há a lẹ́nu. Eyín rẹ̀ ni. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri, mi ò rí i mọ́. Èyí ni mo fi ń rí i." Ó fi ọwọ́ bo àpótí náà. "Jáde nílé mi."

Alágbẹ̀dẹ dìde, ó jáde. Nọ́ọ̀sì dúró sáàárín pálọ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń nu kòtò méjì yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé eyín ìyá òun ni.

Láti ọjọ́ náà, àdúgbò mìíràn ló ń gbà relé, bó tilẹ̀ jìn. Nínú ilé, ó di adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. "Ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" ni ọ̀rọ̀ wọn mọ sí.

Ọjọ́ ìsinmi dé. Ó tú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó po ṣọ́ọ̀kì. Ọwọ́ rẹ̀ kò wá gbéra. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ṣíbí, ó ń wò wọ́n.

"Mi ò gbọ́ ìró aṣọ," ni Bàbá wí láti orí àga rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá."

"Lọ sùn díẹ̀."

"Kì í ṣe irú èyí tí oorun ń wò." Kò pariwo. Kò tilẹ̀ ní agbára ariwo. "Ọkùnrin yẹn ṣe àṣìṣe, ó dùn yín, ó dun èmi náà. Ìyá mi ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ti wá ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n bàjẹ́?"

Arúgbó náà na ọwọ́ sílẹ̀, ó mú ṣíbí kan, ó ń fi àtàǹpàkò pa á.

"Bí o bá lọ," ó wí níkẹyìn, "èmi àti ṣíbí la máa ṣẹ́kù. Mo máa kí wọn láàárọ̀. Ṣíbí kì í dáhùn."

"Bàbá mi. Ta ló sọ fún yín pé ibi tí ẹ ò ti ní gbọ́ ohùn mi ni mò ń lọ?"

Ó dá ṣíbí náà padà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pè é wá."

Alágbẹ̀dẹ wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó dúró, kò jókòó. Bàbá na àpótí náà sí i.

"Ìwọ lo mọ ibi tí àpá yẹn wà, o mọ bó ti jìn tó. Ṣé o lè dá a padà?"

Nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn àga bàbá rẹ̀. Ó ń mi orí sí alágbẹ̀dẹ kíkankíkan: ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí tán nílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ rí i. Ó wo ojú rẹ̀ tó ti rẹ̀, ó wo àpótí, ó mí kanlẹ̀.

"Mo lè ṣe é, Bàbá. Ọwọ́ yín ò sì ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n òòlù mi ni ẹ ó máa fọwọ́ pa, kì í ṣe eyín ìyàwó yín. Mi ò ní ṣe é. Ohun tí mo bàjẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ máa bínú sí mi títí tí yóò fi tán. Mo lè dúró."

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bẹ tí oníbàárà rẹ̀ ń dé. Omijé ń dà lójú Bàbá Fàdákà, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí ń mi orí sí ọ lẹ́yìn mi, àbí kò ṣe é? Ojú mi ló ti lọ, etí mi ò di. Yẹtí rẹ̀ ń dún bí aago ilé ìwé."

"Bàbá!"

"Ká ní o gbà fún un ni, ẹ̀yin méjèèjì ì bá máa tàn mí jẹ títí n ó fi kú." Ó dá àpótí náà padà sápò. "Inú ṣì ń bí mi o."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Mú ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má mú un jìnnà."

"Àwọn ṣíbí ńkọ́?" ni alágbẹ̀dẹ béèrè. "Mo lè máa yà wá nù wọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúdú," ni arúgbó náà wí. "Ó ti tó. Dúdú ò pa fàdákà. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló ń pa ọmọ ènìyàn."

Iyàrá méjì tó kọjú sí ilẹ̀kùn Bàbá ni wọ́n gbà. Kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, ní àárọ̀ tí Nọ́ọ̀sì ti iṣẹ́ òru bọ̀, nítorí ilé ìwòsàn kò fún un ní ìsinmi. Nígbà tí akọ̀wé bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí, ó yán gbọọrọ.

"Màdáámù, ṣé ìyẹn dúró fún bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó sí etí ibùsùn. Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ láti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ó bọ́ ọ̀kan. Kó tó bọ́ èkejì, ìyàwó ti sùn lọ nínú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò jí i. Ó gbé orí lé orúnkún rẹ̀ pé kí òun sinmi díẹ̀, oorun sì gbé òun náà.

Àwọn aládùúgbò wá kí wọn kú oríire, wọ́n ń pariwo bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàbá Fàdákà ti gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ láti dá wọn dúró.

"Ẹ rọra o," ó wí. "Àwọn ọmọ mi ń sùn."