Àpá Tó Pòórá Nínú Fídíò

Òjò ti pa á láti orí dé ẹsẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fídíò ṣe, àmọ́ ẹ̀kán omi kan ò kan pléyà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo fídíò lórí tẹlifíṣọ̀n, tó gbé mọ́ àyà. Ọkùnrin onífídíò gbójú sókè nídìí kọ̀ǹpútà, ó rí ọmọbìnrin kan nínú aṣọ nọ́ọ̀sì tó fi síkáàfù wé ẹ̀rọ, tó wá fi orí ara rẹ̀ sílẹ̀ fún òjò. Ó gbàgbé ohun tó ń ṣe.

"Ẹ káàsán o. Fídíò màmá mi ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti ṣaláìsí. Bàbá mi fẹ́ máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kàn dúró gbagidi."

"Fáìlì yẹn ló tóbi ju agbára pléyà lọ. A máa fún un pọ̀ kó lè kéré."

"Ẹ máa fún màmá mi pọ̀ kẹ̀?"

Ẹ̀rín pa onífídíò. Nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó tì í. Ó fẹ́ mọ gbogbo ẹ̀: kí ni wọ́n ń yọ, ta ló sì ń pinnu? Onífídíò ṣàlàyé pé ògiri tí kò mira, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ̀rọ máa tọ́jú ẹ̀. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín àti ọwọ́ tó ń lọ sókè sódò ló ń gba àyè púpọ̀.

Fídíò náà jẹ́ mẹ́rìnlá. Nọ́ọ̀sì padà wá lọ́jọ́ kejì láti béèrè ìbéèrè kan, ó wá lọ́jọ́ kẹta láti béèrè òmíràn. Ẹ má dá a lóhùn tó bá ní fídíò nìkan ló ń bá wá. Kó tó tó oṣù méjì, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Lọ́jọ́ tí onífídíò gbé pléyà dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó fẹ́ tọrọ ọmọ bàbá pẹ̀lú. Àwòrán náà ń dán, kò sì dúró rárá. Bàbá, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ojú rẹ̀ le.

"Ta nìyí?"

"Màmá ni, Bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wá dà? Áyọ́ọ̀nù ló jó o níbẹ̀ lọ́dún tí mo fẹ́ ẹ. Ìyàwó ta lẹ gbé wá fún mi?"

Onífídíò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwòrán àtijọ́ máa ń ní hóró wínníwínní bí iyanrìn káàkiri, hóró yẹn sì ń gba àyè. Ó ti ní kí ẹ̀rọ fọ̀ wọ́n dànù kí fáìlì lè kéré, ẹ̀rọ ò sì mọ ìyàtọ̀ hóró sí àpá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fọ nǹkan kan.

"O pa ojú ìyàwó mi dà, o ò sọ fún mi," ni bàbá wí. "Kí lo máa ṣe fún ọmọ mi? Máa lọ."

Nọ́ọ̀sì bá onífídíò dé ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún títí. Ohun tó dùn ún jù ni pé òun alára ò rí i pé àpá náà ò sí mọ́.

"Olólùfẹ́ mi, èmi ni mo ṣàṣìṣe," ni onífídíò wí. "Bá mi tún un ṣe."

"Màá máa ṣọ́ ẹ lójú méjèèjì ni o."

Fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, torí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, wọ́n sì fi hóró sílẹ̀. Wọ́n dín fífẹ̀ àwòrán kù, torí tẹlifíṣọ̀n bàbá kò tóbi. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wo fídíò kọ̀ọ̀kan tán kó mọ ibi tó nílò àyè, kó tó fún un pọ̀. Iṣẹ́ náà falẹ̀ gan-an, nọ́ọ̀sì sì ń yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ wò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.

Kí onífídíò tó so pléyà lọ́jọ́ tí wọ́n padà lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo yọ. Mo dín fífẹ̀ ẹ̀ kù. Ògiri ẹ̀yìn wọn á ṣe bàìbàì díẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan ojú wọn."

Bàbá wo fídíò àkọ́kọ́ tán, ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Ṣé àwọn òbí ẹ wà láyé?"

"Wọ́n wà, sà."

"Ní kí wọ́n wá rí mi." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, bomi wá fún ọkọ ẹ."

Nọ́ọ̀sì ò lè dìde. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Onífídíò ló padà lọ bu omi, ife mẹ́ta.